Báńkì tó yá mi lówó ọjà: inú ọ́fíìsì wọn dáa, orí fóònù wọn ò dáa rárá

Mi ò ní dárúkọ báńkì yìí o, torí lóònù wọn ṣì wà lọ́rùn mi, mo ṣì ń san án lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tajà ní Gbági n'Íbàdàn níbí á ti mọ irú báńkì tí mò ń sọ, àwọn tó máa ń rán ọmọ ọ́fíìsì wọn wọnú ọjà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lábíyá, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, Alhaja ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ṣé ẹ ò fẹ́ fi owó kún ọjà ni. Bí wọ́n ṣe ń yáni lówó kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ò le, ìwé yín bá ti pé owó á wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe síni nígbà tí owó oṣù ò bá jáde lásìkò mọ́ ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wa ká tó buwọ́ lùwé, ojú sì máa ń ti àwọn tó ti kàn láti sọ ọ́ síta.

₦3 mílíọ̀nù ni mo yá lọ́dọ̀ wọn ní August 2023, èlé 30% lọ́dún, oṣù 18, ó ń lọ sí bíi ₦209,000 lóṣù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí aṣọ, ẹ ò ní béèrè ìdí tí mo fi yá a. Ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wàhálà owó tuntun, kọ́sítọ́mà á dúró níwájú aṣọ kò ní rí náírà san, tiránsífá á lọ kò ní dé. A ò tíì mí nínú ìyẹn tí wọ́n fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, June ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi ₦460 ní báńkì sì ti lé ní ₦900 kí ọdún tó parí. Ànkárá o, léèsì o, àtíkù o, gbogbo ẹ̀ ló ń fò. Owó tó ń kó béèlì mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ò kó méjì mọ́, béèyàn ò bá sì wá owó kún un ṣọ́ọ̀bù á kàn máa ṣófo lọ ni, kọ́sítọ́mà tó bá wọlé tí kò rí àwọ̀ tó ń wá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló máa bá lọ, kì í sì í padà wá.

Mò ń san án dáadáa títí wọ February 2024. Oṣù yẹn gan-an ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé èlé tiwọn kúrò ní 18.75% lọ sí 22.75%, kí March tó parí wọ́n tún ti gbé e dé 24.75%, ni báńkì mi náà bá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé tèmi ti kúrò ní 30%, ó ti di 33%. Mo pe ọmọkùnrin tó jẹ́ akáǹtì ọ́físà mi pé ṣé bá a ṣe jọ ṣàdéhùn nìyí, ó ní mà, ó wà nínú offer letter yín, pé èlé lè yí padà tí ọjà owó bá yí padà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sísàlẹ̀. Àárín ìgbà yẹn náà ni àwọn tó kó aṣọ ẹbí láwìn lọ́wọ́ mi, ìnáwó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù, àwọn tó gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn náà ò tíì san. Wọ́n ti rán aṣọ yẹn, wọ́n ti wọ̀ ọ́, wọ́n ti ya fọ́tò, owó ni ò tíì dé. Bí owó March ò ṣe pé nìyẹn, April tẹ̀ lé e, May náà tẹ̀ lé e.

Ibi tí mo ti fẹ́ yọ máàkì wọn gan-an nìyí. Bí owó March ṣe kọjá ọjọ́ ẹ̀ báyìí, kì í ṣe akáǹtì ọ́físà tó mọ̀ mí tó mọ ṣọ́ọ̀bù mi ló pè mí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní rikọ́fárì, àwọn tó ń bá báńkì gba gbèsè, ló pè, nọ́ńbà oríṣiríṣi, Èkó ni wọ́n jókòó sí, wọn ò mọ Gbági wọn ò mọ Dùgbẹ̀. Ìgbà míì mi ò tíì kírun àsùbáà tán tí fóònù á ti máa dún. Ọmọ tí ohùn ẹ̀ ò ju ti àbígbẹ̀yìn mi lọ á kàn da ọ̀rọ̀ sọ, ṣé ìwọ ni lágbájá, ìgbà wo lo máa san owó wa, kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí mà. Mo á ṣàlàyé fún ẹni tòní, ẹlòmíì á pè lọ́la a á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀. Nínú April mo mú ₦80,000 lọ sí ẹ̀ka wọn, wọ́n gbà á, wọ́n fún mi ní rísíìtì, ọjọ́ kejì àwọn orí fóònù tún pè pé mi ò tíì san kọ́bọ̀. Ẹ wo àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi jáde, ojú le lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí wọ́n wá, wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n, tí ẹ bá ka díẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ wọ́n rí i pé ẹ ka díẹ̀. Tàwọn tibí yìí, orúkọ àti iye owó nìkan ni wọ́n rí lójú kọ̀ǹpútà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oníduúró mi. Pé wọ́n pè é, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé, ó buwọ́ lù ú, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún bàbá àgbàlagbà yẹn pé mo ti sá lọ, pé wọn ò rí mi mọ́, èmi tí mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ níbi tí bàbá fúnra wọn ti máa ń kọjá. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó pọn dandan kí báńkì parọ́ nípa kọ́sítọ́mà wọn kí owó tó jáde. Wọ́n tún fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ń kó ọlọ́pàá bọ̀. Lórí ti ọlọ́pàá yìí, ẹ gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, section 32, sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Gbèsè báńkì, ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa gbé e lọ tó bá dé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fún wọn ní sẹ́ẹ̀kì tẹ́ ẹ kọ ọjọ́ iwájú sí, ìyẹn yàtọ̀ o, òfin sẹ́ẹ̀kì tó padà torí pé owó ò sí nínú akáǹtì ti wà látayé ológun, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ẹ̀, torí náà ẹ tètè lọ bá wọn kí wọ́n má tíì gbé sẹ́ẹ̀kì yẹn wọlé.

Nínú May ni álẹ́ẹ̀tì kàn wọlé látọ̀dọ̀ báńkì kejì tí mò ń lò, ₦96,000 ti lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni mo tọ́jú síbẹ̀. Mo rò pé olè ni, mo sáré lọ sí báńkì kejì yẹn, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní mà, GSI ni. GSI yìí ni ìwé BVN tá a máa ń buwọ́ lù nígbà tá a bá ń gba lóònù tẹ́nikẹ́ni kì í ṣàlàyé. CBN ló gbé e kalẹ̀ ní August 2020. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé tí gbèsè yín bá ti kọjá ọjọ́, báńkì tó yá yín lówó lè tipa BVN wọ gbogbo akáǹtì tẹ́ ẹ ní ní báńkì míì, ohun tó bá bá níbẹ̀ á mú un, kódà akáǹtì tí ẹ̀yin àtẹlòmíì jọ ní pọ̀ wà nínú ẹ̀. Kò ní pè yín, kò ní béèrè. Mi ò sọ pé ó burú pé wọ́n ní irú agbára yẹn, owó wọn ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tó gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lè sọ ọ́ lẹ́nu fún mi ní Yorùbá kó tó ní kí n sáìnì. Nǹkan kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ojúlówó owó tẹ́ ẹ yá àti èlé orí ẹ̀ nìkan ni wọ́n fún GSI láṣẹ láti mú, kò gbọ́dọ̀ mú owó ìtanràn. Tó bá mú un, ẹ bá wọn sọ ọ́.

Wàyí o, inú ọ́fíìsì wọn. Ká sòótọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe bí èèyàn. Mo lọ bá mánijà ẹ̀ka, obìnrin ni, ó fún mi ní àga, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ní Alhaja, àwọn tó ń pè yín yẹn ò sí lábẹ́ mi, àwọn ará ọ́fíìsì àgbà ló ni wọ́n, ohun tí mo lè ṣe fún yín ni pé kẹ́ ẹ kọ̀wé kí n fi ránṣẹ́ sókè. Akáǹtì ọ́físà ló wá tẹ̀ lé mi jáde, ó ní mà, ẹ má kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ o, wọn kì í ka ẹ̀bẹ̀, ìṣirò ni kẹ́ ẹ kọ. Ọmọ yẹn ṣe mí lóore tí mi ò lè gbàgbé. Lẹ́tà tí mo kọ ò ju ojú ìwé kan lọ: iye tí mo ti san, iye tó kù, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye tí ọjà mi ń wọlé lọ́sẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé títà mi, orúkọ ìnáwó méjèèjì tó jẹ mí àti iye tí wọ́n jẹ, àti iye tí mo lè san lóṣù láìyẹ̀. Mo so statement oṣù mẹ́fà mọ́ ọn. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀, wọ́n gba ọ̀kan, mo ní kí wọ́n tẹ sítáǹpù lu èkejì pẹ̀lú ọjọ́ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀dà tiyín sílẹ̀ láìní sítáǹpù, torí nígbà tí àwọn orí fóònù tún pè, fọ́tò ìwé yẹn ni mo fi ń ránṣẹ́ sí wọn ní WhatsApp, ó sì dín ariwo kù.

Kí èsì tó dé wọ́n kọ́kọ́ gbé nǹkan míì wá bá mi, pé kí àwọn fún mi ní lóònù tuntun tó tóbi díẹ̀, kí wọ́n fi pa ti àtijọ́, kí n mú ìyókù ṣọjà. Ó dùn létí. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo owó tó wà lórí ẹ̀ sílẹ̀ fún mi, owó fọ́ọ̀mù ń bẹ níbẹ̀, owó ìnṣọ́ránsì ń bẹ níbẹ̀, owó mánéjìmẹ́ǹtì ń bẹ níbẹ̀, wọ́n á ti yọ gbogbo ẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ mi. Mo ní rárá, èyí tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún tò fún mi. Restructure ni wọ́n ń pè é, ẹ pe orúkọ yẹn fún wọn bẹ́ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá kàn ní ẹ ràn mí lọ́wọ́, lóònù míì ni wọ́n máa gbé wá.

Nínú June wọ́n gbà. Gbèsè tó kù, bíi ₦2.15 mílíọ̀nù, wọ́n tẹ́ ẹ sórí oṣù 24 ní èlé 33%, ó ń lọ sí ₦123,500 lóṣù. Ìyẹn ṣe é san, kódà lóṣù tí ọjà bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Tí mo bá ṣírò gbogbo ohun tó máa jáde lápò mi kó tó parí, ó fi ohun tó lé ní ₦600,000 ju bó ṣe máa rí ká ní a bá àdéhùn àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ kí n tó sáìnì, mo sì sáìnì, torí ₦209,000 lóṣù ìgbà yẹn ì bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bá ti tì, kí ló fẹ́ fi san gbèsè?

Owó ìtanràn ni ìjà tó kù. Nínú statement tí mo gbà, mo rí i tí wọ́n ń yọ ohun tó lé ní ₦21,000 lóṣù kan. Ọmọ mi tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì bá mi wá ìwé tí CBN fi ń sọ iye tí báńkì lè gbà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, ti 2020, ó ní ìtanràn lóònù tí wọn ò san lásìkò kò gbọ́dọ̀ ju 1% lóṣù lọ lórí owó tí wọn ò tíì san, àfikún sí èlé. Àwọn wá ń ṣírò 1% yẹn lórí gbogbo lóònù tó kù, títí kan èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé! Owó March nìkan ni mi ò san nígbà yẹn, ₦209,000, ìtanràn ẹ̀ ₦2,090 ni. Mo kọ lẹ́tà míì, mo to ìṣirò ẹ̀ lóṣooṣù, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé tí mi ò bá rí èsì lọ́sẹ̀ méjì máa kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà àwọn kọ́sítọ́mà. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe àbá tèmi, bí ètò ẹ̀sùn wọn ṣe rí nìyẹn, báńkì ló kọ́kọ́ máa gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, tí wọn ò bá yanjú ẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ méjì ẹ lè gbé e lọ sí cpd@cbn.gov.ng. Mi ò tíì dé ibẹ̀ tí wọ́n fi dá owó tó lé ní ₦50,000 padà sínú akáǹtì mi. Kò sí lẹ́tà, kò sí ẹ má bínú, álẹ́ẹ̀tì lásán ni mo rí. Àwọn tó jẹ́ pé wọn ò ka statement wọn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an torí mo mọ àwọn ìyá nínú ọjà yìí tí wọn ò lè kà á.

Ẹnì kan ní láìnì wa, ibi tó gbà yàtọ̀. Ó lọ yá owó lórí àpù fóònù kó lè fi san ti báńkì. Àpù yẹn ti wọ gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹ̀, bó ṣe pẹ́ díẹ̀ kó tó san báyìí, wọ́n ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àna ẹ̀, sí alájọ ẹ̀, sí ìmáàmù àdúgbò wọn pé olè ni. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń bá wọn wí láti 2022, wọ́n ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ máa pe àwọn tí kò mọ̀ nípa lóònù, àwọn kan ṣì ń ṣe é. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbèsè báńkì tó ń le, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti báńkì náà ni, ó ní ìwé, ó ní ọ́fíìsì tẹ́ ẹ lè wọ̀, ó ní ẹni tó ń wò ó lókè. Ẹ má fi ti àpù bò ó.

Máàkì mi wá rèé. Ẹ̀ka wọn ní ọjà, 8 nínú 10, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe, méjì tí mo yọ jẹ́ torí lóònù tuntun tí wọ́n fẹ́ tì sí mi lọ́rùn. Àwọn orí fóònù, 2 nínú 10, méjì yẹn sì jẹ́ ti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kí mi dáadáa tó sì ní òun rí i pé mo ti kọ̀wé. Ẹ̀ka ìṣirò wọn, mi ò lè fún wọn ju 4 lọ lẹ́yìn ohun tí mo rí nínú statement. Tí ẹ bá fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ wọn, wọn ò burú ju àwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sáìnì ẹ ní kí wọ́n ka ibi èlé, ibi GSI àti ibi ìtanràn sí yín létí lédè tẹ́ ẹ gbọ́. Tí owó bá sì ti ń hàn pé kò ní pé, ẹ wọ ọ́fíìsì lọ kí ọjọ́ tó pé, ẹ má dúró de fóònù.

Mo tún ti yẹ orúkọ mi wò ní ilé iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ, ẹ lè gba tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo bá a níbẹ̀ pé mi ò san rárá, wọn ò kọ ọ́ pé a ti tún un tò. Mo bá báńkì sọ ọ́, wọ́n ti tún un ṣe. Èyí tó kù ni bàbá oníduúró mi, wọn ò tíì pè wọ́n láti sọ pé irọ́ ni pé mo sá. Mo ti kọ ìyẹn náà sí wọn, nọ́ńbà ẹ̀sùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n bá ṣe é máa wá fi máàkì kún tàwọn orí fóònù.